Kérésìmesì Àkọ́kọ́ Ọmọ Ọwọ́

  Ní Kérésì yìí, ọmọ ọwọ́ tó wà nílé ni ká wò.

Orúkọ àti ìkómọ. Ọmọ tó bá ọdún wáyé, Abíọ́dún tàbí Bọ́dúndé ń dúró dè é. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọjọ́ mẹ́jọ ìkómọ, ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Kérésì gan-an ni ìkómọ rẹ̀. Èyí tí a bí ní ọjọ́ 25 di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Ẹ má ṣe dáná lẹ́ẹ̀mejì. Ìkòkò kan á gba ọdún àti ìkómọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń gbàgbé. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Kérésì. Ti ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 10. Ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14. Ti ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, abẹ́rẹ́ oṣù 9, ti èéyi àti ti ibà pọ́njú. Ọjọ́ 25 àti 26 jẹ́ ìsinmi ìjọba, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò ṣí kí ọdún tó dé. Bí ẹ bá ń lọ sílé, káàdì àjẹsára ọmọ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn nínú báàgì.

Oúnjẹ. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọmú nìkan ni oúnjẹ ọdún rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka kan ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Oyin ìkómọ ńkọ́? Èmi fẹ́ràn àṣà yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ìyá tọ́ ọ wò dípò ọmọ, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó lè wà nínú oyin a máa rọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Èyí tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ po ògì tó ki fún un, kí ẹ fi ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná sí i. Ìrẹsì ọdún náà dára: ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ata àti mágì tó wọlé, kí ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Ṣín-ṣín, ẹ̀pà àti egungun adìẹ a máa há ọmọ lọ́fun. Ẹlẹ́rìndòdò, rárá.

Ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn là dáadáa kí ẹ tó wẹ ọmọ, kí omi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òrí ló tọ́ sí awọ ọmọ lásìkò yìí. Ẹ wo ìyá àgbà: á fi èékánná ha òrí díẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́ bí epo, á bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè dé ọrùn. Ìwọ̀nba tó kù lórí ìka ló máa fi pa ètè ọmọ.

Aṣọ. Àṣẹ́kù àǹkárá ìyá tó bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Kí télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ po ní íǹṣì méjì. Bí ọmọ bá ti ń ga, ẹ tú u. Ó lè bá yín dé Àjíǹde.

Bàbá Kérésì: ó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Àlejò. Kí wọ́n fọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ. Ẹni tó ń wúkọ́, kó kí i láti ọ̀ọ́kán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn dání lọ sílé. Bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná tó 38°C lórí ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ Kérésì.

Fọ́tò. Ẹyọ kan tó, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, torí fóònù a máa sọnù. Kí ìyá àgbà jókòó sórí àga níwájú ilẹ̀kùn ilé, kí ó gbé ọmọ lé itan. Lẹ́yìn fọ́tò náà ni kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìwọ̀n ọmọ bó ṣe wà nínú káàdì sí. Lọ́dún tó ń bọ̀, àga yẹn kan náà, ilẹ̀kùn yẹn kan náà.