Ẹ̀rọ Tó Ń Tòògbé Ṣì Ń Jẹ Iná: Ìlàlóye fún Onílé àti Ayálégbé ní Barnawa, Kaduna

Bí ẹ bá fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á lọ, ohùn á dákẹ́, ṣùgbọ́n iná pupa kékeré á ṣì máa tàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò kú, ó ń tòògbé ni. Ó ń retí kí ẹ tún tẹ rìmóòtù, owó tí ẹ fi ra káàdì iná ló sì fi ń retí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni dìkódà, ẹ̀rọ orin àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Nígbà tí yúníìtì kò tíì wọ́n, kò sẹ́ni tó ka èyí sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó yúníìtì kan (ìyẹn kWh kan) fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì di ₦209.50 ní oṣù keje. Ká fi iye yẹn ṣírò dìkódà àtijọ́ kan tó ń jẹ wáàtì 10 lójú oorun: wákàtí 20 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ yúníìtì 6, ìyẹn ₦1,257. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo nìyẹn o, tí ẹnikẹ́ni kò wò! Bí ẹ kò bá sí ní Band A, ẹ wo iye tiyín lára rìsíìtì káàdì.

Mítà yín ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù. Ẹ pa gbogbo gílóòbù àti fáànù. Ẹ yọ fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ má ṣí i, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ẹ fi rìmóòtù pa ìyókù bí ẹ ṣe máa ń ṣe lálẹ́, kí ẹ wá lọ dúró síwájú mítà. Iná pupa kan wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Lára ọ̀pọ̀ mítà, wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, kí ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye wáàtì tí ilé yín ń jẹ nígbà tí ẹ rò pé kò jẹ nǹkan kan nìyẹn. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún, wáàtì 30 ni. Bí mítà yín bá wà lórí òpó, ẹ má gùn ún rárá.

Ẹrù tòkunbọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àjọ IEA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé ló pe àwọn orílẹ̀-èdè ní 1999 pé kí ẹ̀rọ má jẹ ju wáàtì 1 lọ nígbà tó bá ń tòògbé. Ilẹ̀ Yúróòpù sọ ọ́ dòfin fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ní 2010, wọ́n sì dín in kù sí ìdajì wáàtì ní 2013. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú òfin yìí ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí wa nígbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i fún àwọn tó ń lo ínfátà. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ba wáyà ńlá Shiroro sí Kaduna jẹ́, tí Kaduna àti Kano wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bátìrì ínfátà ni èèyàn ń gbára lé. Bátìrì 200Ah oní-fóltì 12 lè gba wáàtì-wákàtí 2,400, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo ásíìdì, kò yẹ kí a lò ó ju ìdajì lọ kó tó tún gba iná. Wáàtì 30 fún wákàtí mẹ́wàá òru á ti kó 300 nínú 1,200 yẹn lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó gbádùn rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ máa pa ẹ̀rọ láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó tẹlifíṣọ̀n, dìkódà àti ẹ̀rọ orin sórí ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n kan tó ní bọ́tìnnì, kí ẹ máa pa á kí ẹ tó sùn àti nígbà tí iná bá lọ. Bí iná bá padà dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, kò ní bá wọn níbẹ̀. Dìkódà á pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn láàárọ̀. Ẹ ní sùúrù fún un. Ṣájà fóònù tuntun tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ tó nǹkan, ẹ má fi í dààmú ara yín. Fíríìjì ní tirẹ̀ kì í ṣe ara ohun tí à ń pa lálẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún oníwáyà yín kó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n síbi tí ọwọ́ yóò ti tó o láìjẹ́ pé ẹ ń ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóròòru.