Agbára Àjẹsára, Ààbò tí ń Dín Kù, àti Abẹ́rẹ́ Àfikún

Àwọn kókó pàtàkì
• Ààbò tí àjẹsára ń fún ni kì í pẹ́ bákan náà fún gbogbo àrùn.
• Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ṣoṣo tó ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn títí ọjọ́ ayé wọn.
• Ààbò lòdì sí tẹ́tánọ́ọ̀sì àti COVID-19 máa ń dín kù. Abẹ́rẹ́ àfikún ni ó ń dá a padà.
• Abẹ́rẹ́ àfikún kì í ṣe àmì pé èyí tí a kọ́kọ́ gbà kò ṣiṣẹ́.

Kí ni agbára àjẹsára?
Ká ní ènìyàn 100 tí kò gba àjẹsára ni àrùn kan ìbá mú. Bí agbára àjẹsára náà bá jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 20 péré ni yóò mú nínú iye ènìyàn kan náà tí ó gbà á. Àjẹsára tún lè ṣàì dá àìsàn díẹ̀ dúró, síbẹ̀ kí ó gba ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn líle àti ikú.

Èé ṣe tí ààbò fi ń dín kù?
Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara a máa pèsè àwọn èròjà tí ń gbógun ti àrùn. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, iye wọn a máa dín kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó rántí kòkòrò àrùn náà ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbára dì. Àwọn kòkòrò kan, bíi ti COVID-19, sì tún máa ń yí padà.

Ibà pọ́njú
Nígbà tí àrùn yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan ní ọdún 2001, ó lé ní mílíọ̀nù 2 ènìyàn tí ó gba àjẹsára. Kòkòrò tí ó wà láàyè, tí a ti sọ di aláìlágbára, ni a fi ṣe é, nítorí náà ẹ̀kọ́ tí ara rí kọ́ jinlẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016, káàdì yẹ́lò wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni tí ó ni ín, bí a tilẹ̀ kọ ọdún 10 sí i. Ẹni tí ń ti Abidjan lọ sí Èkó kò nílò abẹ́rẹ́ mìíràn nítorí pé káàdì rẹ̀ ti pẹ́. Ẹni tí ó gbà á nígbà tí ó wà nínú oyún, tàbí tí ó ní HIV, lè nílò òmíràn.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì
Inú ilẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, nítorí náà àjẹsára aládùúgbò kò lè dáàbò bo ẹlòmíràn. Oró rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúró de kí ara rántí. Abẹ́rẹ́ 6 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀: 3 ní ọdún àkọ́kọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà ní oṣù 12 sí 23, ọdún 4 sí 7, àti ọdún 9 sí 15. Aláboyún tí kò ní àkọsílẹ̀ yóò gba 2, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 síra wọn, kí èkejì sì ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìbímọ. Ààbò ìyá yìí ni ọmọ tuntun yóò bá wáyé.

COVID-19
Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ àjẹsára yìí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2021. Láàárín oṣù díẹ̀, ààbò lòdì sí àìsàn díẹ̀ a dín kù. Èyí tí ó wà lòdì sí àìsàn líle ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí àìsàn mìíràn ti sọ ara wọn di aláìlágbára ni abẹ́rẹ́ àfikún ṣe pàtàkì fún jù lọ, ní oṣù 6 sí 12 lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn.

Kí ni kí a ṣe?
Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ka káàdì aláìsàn kí ẹ tó fún un ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i kedere. Bí àlàfo bá ti gùn jù, ẹ máa bá a lọ láti ibi tí ó dúró. Ẹ má ṣe tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ń gba àjẹsára, ẹ tọ́jú káàdì yín, ẹ mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì béèrè pé: “Èwo ni ó kù fún mi, ìgbà wo ni kí n sì padà wá?”