Kékeré Ni A Ti Ń Tọ́jú Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti ìgbà yìí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní agbègbè Ìyànà-Ìbà, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí wọ Okokomáíkò, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìyá ọlọ́jà ń gùn ún ti ọjà bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń gùn ún wọ àdúgbò tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Okokomáíkò ni ìjọba Èkó pinnu pé rélùwéè aláwọ̀ búlúù yóò dé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Máìlì Tú ni ó ń dúró.

Ìdí kejì ni owó ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń yá owó ra alùpùpù. Bí alùpùpù bá kú kí gbèsè tó tán, gbèsè kò ní bá a kú. Àwọn onídùúró tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ni yóò ru ẹrù náà, àárín ọ̀rẹ́ yóò sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù kì í ṣàdédé kú ní ọjọ́ kan. Ohun kékeré tí a fojú fò ni ó ń di ńlá. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ẹ̀ka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ỌÍLÌ

Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà tí wọ́n gun alùpùpù ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn yóò rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún. Ẹ́ńjìnnì ti Bajaj, TVS àti irú wọn tí ó kún ìgboro lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tiwọn wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì; ẹ má ṣe dà á sínú táǹkì epo. Bí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá ń rú èéfín tí ó fẹ́ jọ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó nínú rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ó tó di pé wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, gbogbo ọ́ìlì tí ó wà níbẹ̀ kò ju bíi líítà kan lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ yìí ni ó ń mú kí irin má ha irin, òun ni ó ń kó èérí, òun náà ni jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń lò. Ìdí nìyí tí ó fi ń tètè gbó. Ẹni tí ó bá ń rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà lójúmọ́ ti rin ju 2,500 lọ ní oṣù kan. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá lè fún yín ní àyè tí ó gùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ru ẹrù nínú eruku àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Badagry, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá oṣù kan. Ti alùpùpù tuntun tilẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá ti rin bíi 500 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, nítorí ìyẹ̀fun irin tuntun ti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo bí ọ́ìlì ti pọ̀ tó, ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má wò ó nígbà tí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irọ́ ni yóò pa fún yín.

ASẸ́ AFẸ́FẸ́

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn. Asẹ́ kan wà tí ó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń fà sínú. Bí asẹ́ náà bá dí, epo yóò pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, alùpùpù yóò sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí bẹntiróòlù fi fò láti bíi 190 náírà sí ohun tí ó lé ní 480 náírà fún líítà kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún lè fi epo ṣòfò. Bí asẹ́ yín bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fún un láìlọ́ ọ, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ oníwèé, a kì í fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ gbọn eruku rẹ̀, bí ó bá sì ti gbó, ẹ ra òmíràn. Àwọn kan máa ń yọ asẹ́ dànù pátápátá kí alùpùpù lè sáré. Iyanrìn ni wọ́n ń bù fún ẹ́ńjìnnì jẹ.

ṢÉÈNÌ

Ṣéènì tí ó le jù ń fa bẹ́árìn ya. Èyí tí ó dẹ̀ jù lè bọ́ lórí eré kí ó sì há táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìka gbé e sókè sódò láàárín: fún ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, kí ó fì tó sẹ̀ntímítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fà á, ẹ rí i pé àmì ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà yóò wọ́. Ẹ tún wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí ó so ṣéènì pọ̀. Ojú rẹ̀ tí ó dí ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń yí lọ, kí ojú tí ó là wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i padà, ohun kan lè kọ́ ọ bọ́.

Gíríìsì ń kó iyanrìn jọ sórí ṣéènì, ọ́ìlì tí a ti lò sì kún fún ìyẹ̀fun irin. Ẹ fi burọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ṣéènì, kí ẹ nù ún, kí ẹ wá kán ọ́ìlì tó mọ́ sí i. Bí ṣéènì bá gbó, ẹ pààrọ̀ irin eléyín méjèèjì pẹ̀lú rẹ̀. Eyín tí ó ti jẹ yóò jẹ ṣéènì tuntun náà.

BÍRÉÈKÌ ÀTI TÁYÀ

Ọ̀pọ̀ ni ó bẹ̀rù bíréèkì iwájú, wọ́n ní yóò da ènìyàn nù. Àwọn kan tilẹ̀ ti tú u. Àṣìṣe ńlá nìyí. Nígbà tí alùpùpù bá fẹ́ dúró, gbogbo ẹrù rẹ̀ ni ó ń rọ́ síwájú, táyà iwájú ni ó sì ń di ilẹ̀ mú jù. Ẹni tí ó bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan yóò rìn jìnnà kí ó tó dúró, ìyẹn sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rù lásán àti ibùsùn ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. Ẹ lo méjèèjì pa pọ̀, ní pẹ̀lẹ́, láìfà á tì lójijì, pàápàá lórí iyanrìn.

Lásìkò òjò, tí omi bá kún ojú pópó, omi a máa wọ inú bíréèkì. Bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú omi, ẹ rọra tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó sáré.

Ní ti táyà, ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré ń fẹ́ nǹkan bí 25 psi níwájú. Lẹ́yìn, 28 ni fún ẹni kan, 32 bí ẹ bá gbé èrò. Ẹ bá ìwé tiyín wò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí fọgaláísà fi géèjì wọ̀n ọ́ nígbà tí táyà bá tutù. Kí ó má fi ẹsẹ̀ ta á wò lásán. Bí ẹnu túbù bá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà ti ń yọ̀ lórí ríìmù nítorí afẹ́fẹ́ kò tó. Bí ẹ bá ń ra táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó jẹ́ ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà ń gbó lórí igbá ọjà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gùn ún.

OHUN TÍ A Ń RÀ KÚN UN

Akoto ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, méjì, ti awakọ̀ àti ti èrò. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá àti agolo ọ̀dà. Gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n akoto tí a kò so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n kò sàn ju igbá lọ, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ fò lọ. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní ọdún 2008 rí i pé akoto ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Èyí tí ó ti ṣubú lulẹ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fọ́ lójú.

Ẹ̀yìn èyí ni dígí méjèèjì, tiráfíkétọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́, àti irin tí ń dáàbò bo ẹsẹ̀, tí a dè mọ́ férémù gírígírí. Ẹ má sì yọ irin tí ó bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ìlú Íńdíà ni Bajaj àti TVS ti wá, nítorí aṣọ gígùn àwọn obìnrin wọn ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ìró àti ìborùn àwọn ìyá wa kò yàtọ̀ sí ti wọn. Bí táyà bá gbé e, ó di wàhálà. Kí ìbòrí sáíléńsà náà wà níbẹ̀ kí iná má bàa jó èrò lẹ́sẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ fi owó wọn pamọ́. Agboòrùn ńlá tí a kàn mọ́ alùpùpù dára fún òòrùn, ṣùgbọ́n bí ìjì bá fẹ́, òun ni yóò máa darí yín. Kárià gígùn tí ó kọjá táyà ẹ̀yìn ń gbé iwájú fúyẹ́, ọwọ́ alùpùpù á sì máa gbọ̀n. Iná aláràbarà àti fèrè tírélà ń fa bátìrì kékeré náà gbẹ, tí ríwáyà yóò wá máa gba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó kò gba ọ̀kadà akérò láàyè lórí àwọn òpópónà márosẹ̀. Owó ìtanràn àti alùpùpù tí a gbà kò sí nínú ètò ìsanwó gbèsè ẹnikẹ́ni.

ÌWÉ KÉKERÉ ÀTI OWÓ ÌTỌ́JÚ

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì sí i, ọjọ́ tí ẹ fa ṣéènì, ọjọ́ tí ẹ ra táyà àti iye rẹ̀. Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ́ìlì, ṣéènì, bíréèkì, táyà àti iná, kí ẹ sì dán gbogbo nọ́ọ̀tì wò.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń dá owó àjẹṣẹ́kù yín, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún alùpùpù. Ká ní ẹnì kan ń fi 500 náírà pamọ́ lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 13,000 náírà ni yóò wà nílẹ̀ ní òpin oṣù. Nígbà tí ọ́ìlì bá tó pààrọ̀, kò ní sáré yá owó èlé, kò sì ní sọ pé òun yóò ṣe é lóṣù tí ń bọ̀. Bí oṣù kan bá wà tí nǹkan kò bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún táyà.

Orúkọ ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí. A jẹ, ó sì ṣẹ́kù. Kí alùpùpù tí a fi owó àpapọ̀ rà náà ṣe bẹ́ẹ̀: kí ó san gbèsè rẹ̀ tán, kí ó sì ṣẹ́ kù fún olówó rẹ̀ láti gùn.