Káńfọ̀ Nínú Àpótí Aṣọ Ìkókó: Àlàyé Lórí Bí Naphthalene Ṣe Ń Pa Ọmọ Tuntun Lára

1. Ìfáárà

Nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje tàbí ìkẹjọ ni aláboyún sábà máa ń kó ẹrù ìkókó jọ. Yóò ra fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò sì fi ògbólógbòó aṣọ tó mọ́ kún un. Wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, wọn yóò ju hóró káńfọ̀ mélòó kan sí i kí aáyán má baà bà á jẹ́. Ìtọ́jú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń lé aáyán yìí lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó lè sọ ọmọ di adití tàbí aláàbọ̀ ara, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ọ̀nà tí èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé káńfọ̀ kò dá ibi náà ṣe. Ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú àbùkù kan tó fara sin sínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń mú ìpalára tó burú jù lọ wá. Nítorí pé àbùkù náà kì í hàn sójú, bí káńfọ̀ kò bá ṣe ọmọ kan ní nǹkan, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní í ṣe òmíràn.

2. Ohun Tí Káńfọ̀ Ọjà Jẹ́

Orúkọ náà kò bá ohun tí wọ́n ń tà mu. Káńfọ̀ gan-an ń jáde láti ara igi kan tó ń hù ní ilẹ̀ Éṣíà. Hóró funfun róbótó tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́jà lábẹ́ orúkọ yìí, naphthalene ni ó sábà máa ń jẹ́. Láti inú ọ̀dà èédú tàbí epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó máa ń ti ara líle di afẹ́fẹ́ láì kọ́kọ́ di omi. Ìdí nìyí tí hóró káńfọ̀ fi ń kéré sí i lójoojúmọ́ títí tí yóò fi tán, tí òórùn rẹ̀ yóò sì kù sára aṣọ. Òórùn yẹn kì í ṣe àmì lásán. Naphthalene fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà wọ ara: imú, ẹnu àti awọ ara. Ó tún máa ń yòrò nínú òróró. Nítorí náà, awọ ara ìkókó tí wọ́n fi àdí tàbí òrí pa lè tètè fà á mu láti ara aṣọ.

3. Àbùkù Inú Ẹ̀jẹ̀

Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní G6PD ní gékúrú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ àwọn èròjà tó lè bà á jẹ́ gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn òun omi ṣe ń mú irin dógùn-ún. Nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́ lórí naphthalene, irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni ó ń jáde. Sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ pé lè kojú wọn dé ìwọ̀n kan; èyí tí tirẹ̀ kò tó yóò fọ́.

Ní ọdún 1956, Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó ẹ́ńsáìmù yìí ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn kan fọ́ bí wọ́n bá lo primaquine, oògùn ibà. Ní ọdún 1961, Gilles àti Taylor tẹ ìròyìn jáde pé àbùkù náà wà ní Nàìjíríà. Láàrin àwọn ọkùnrin Yorùbá, ó tó ẹnìkan nínú márùn-ún tó ní i. Ibà ni ó fà á tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì wò. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé ju èyí tí kò pé lọ. Ohun tó gba àwọn baba ńlá lọ́wọ́ ibà ni ó wá di ìlẹ̀kùn fún káńfọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àbùkù yìí, bí ara ìyá náà tilẹ̀ le koko. Ìyá kan lè fi káńfọ̀ tọ́jú aṣọ ọmọ mẹ́ta láìséwu, kí ìkẹrin tó jẹ́ ọkùnrin jogún àbùkù náà, kí aṣọ kan náà sì dá wàhálà sílẹ̀. Èyí ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ pé àwọn ti ń lo káńfọ̀ tipẹ́ láìrí nǹkan kan.

4. Láti Inú Oyún Dé Ìgbà Ìbí

Ibi ọmọ kì í ṣe ògiri tí naphthalene kò lè là kọjá. Àwọn aláboyún kan wà tí òórùn káńfọ̀ máa ń wù débi pé wọ́n ń lá a tàbí kí wọ́n jẹ ẹ́. Ní ọdún 1959, Anziulewicz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní Amẹ́ríkà bí naphthalene ṣe gba ara ìyá dé ara ọmọ inú rẹ̀.

Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ a máa di bílírúbìn, èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, bílírúbìn rẹ̀ ń gba ibi ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀dọ̀ ìyá a sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́ ni ẹrù náà bọ́ sórí ẹ̀dọ̀ ọmọ, ẹ̀dọ̀ tí kò tí ì gbó. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni ó sì yẹ kó palẹ̀ naphthalene mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ lásìkò yìí, bílírúbìn yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, yóò sì wọ inú ọpọlọ.

Ní ọdún 1963, Valaes, Doxiadis àti Fessas ròyìn nípa àwọn ọmọ tuntun ní ilẹ̀ Gíríìsì tí ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́ nítorí pé wọ́n fa òórùn naphthalene símú. Nítorí náà, kò dìgbà tí ọmọ bá fi ẹnu kan káńfọ̀ kí ó tó pa á lára.

Káńfọ̀ nìkan sì kọ́. Ní ọdún 1980, Olowe àti Ransome-Kuti tẹ iṣẹ́ jáde lórí ewu ibà pọ́njú fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó, tí wọ́n sì bá mẹ́ńtọ́ọ̀lù pàdé. Irú èròjà yìí wà nínú àwọn páúdà àti ìpara tí àwọn kan ń fi sí ìwọ́ ọmọ tàbí tí wọ́n fi ń pa á láyà.

5. Orúkọ Àrùn àti Ìfàsẹ́yìn Ìtọ́jú

Ibà pọ́njú ni Yorùbá ń pe àìsàn yìí. Orúkọ náà ṣe àpèjúwe ojú dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà nípa àrùn. Ara ọmọ náà lè má gbóná rárá. Nítorí pé ibà ni wọ́n pè é, àgbo ibà ni àwọn kan ń wá. Àwọn mìíràn ń gbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀, wọ́n sì ń dúró. Wákàtí tí wọ́n ń fi dúró yẹn gan-an ni bílírúbìn ń fi wọ ọpọlọ.

Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹyinjú, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ojú bá pọ́n láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú mọ́, tó ń sùn ní àsùnjù, tó ń ké kíkankíkan tàbí tó ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, ilé ìwòsàn lọ́gán ni. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá le, wọn yóò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.

6. Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Àpótí tí wọ́n fi ìfẹ́ dì ni ewu yìí fi ṣe ibùgbé. Nítorí náà, àkókò oyún ni ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti máa béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá sí oòrùn títí tó fi gbẹ dáadáa, tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá tàbí ike tó ní ìdérí, kò nílò káńfọ̀. Ìkìlọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ ìyá nìkan. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí yóò gbé aṣọ òkè jáde láti inú àpótí tiwọn, ọwọ́ kan yóò sì máa gba ìkókó lọ́wọ́ òmíràn. Ẹni tí òórùn káńfọ̀ ń jáde lára aṣọ rẹ̀ lè súre fún ọmọ láti ọ̀ọ́kán. Àdúrà rẹ̀ yóò ṣì gbà.