Ojú Títì ní Jẹ́dà

Ẹni tí kò tíì wọ mọ́tò ní ìlú Jẹ́dà l'ó lè sọ pé dẹ́rẹ́bà Èkó nìkan l'ó ń fi agídí wa ọkọ̀. Láti 2014 di 2018 ni èmi àti ìdílé mi fi gbé ìlú náà, ohun tí ojú wa sì rí l'ójú títì kò kéré.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe ní Nàìjíríà láti April 2, 1972. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjọra náà mọ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ yà s'ọ́wọ́ òsì yóò wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún títí yóò fi dé oríta, nígbà náà ni yóò wá ré kọjá níwájú gbogbo ayé. Bí ẹ bá ń sáré jẹ́jẹ́ tiyín, ẹnì kan yóò yọ l'ẹ́yìn, yóò máa tan iná, yóò máa pa á, imú ọkọ̀ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí tiyín. Bí ẹ kò bá tètè yà fún un, etí títì ni yóò gbà kọjá, eruku á sì bò yín. Níbi iná oríta tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ọ̀dà funfun là, ọkọ̀ mẹ́rin l'ẹ ó rí tí wọ́n tò s'ẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ìlà ní ṣọ́ọ̀bù kò yàtọ̀. L'áàárọ̀, gbogbo ènìyàn ní ń lọ ra tàmís, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ńlá tí àwọn ará Afghanístàn ń yan s'ára ògiri ààrò gbígbóná, tí a fi ń jẹ fúùlù, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n sì fọ́. Ẹ ó ti tò, ẹ ó ti dúró pẹ́; ọwọ́ kan yóò gba orí èjìká yín kọjá pẹ̀lú owó ríyàl, òun ni ẹni tó ń tajà yóò sì kọ́kọ́ dá l'óhùn. Mo kíyèsí i pé ẹni tó ń tajà gan-an l'ó ń da ìlà náà rú. Bí ó bá sọ l'ẹ́ẹ̀kan péré pé, “Ẹ padà s'ẹ́yìn,” ọ̀rọ̀ ìbá ti parí.

Àwọn kan náà, kí n má parọ́ mọ́ wọn, ni wọ́n ń tò sí sáàfù ní mọ́sálásí, èjìká kan èjìká. Ìrun tán, kí bàtà tó dé ẹsẹ̀, gìrìgìrì ti bẹ̀rẹ̀ l'ẹ́nu ọ̀nà. N kò gbà pé ìwà burúkú ni wọ́n bí mọ́ wọn, nítorí bí táyà yín bá jò ní aginjù, àwọn náà ni yóò sọ̀kalẹ̀ ràn yín l'ọ́wọ́, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́mọ́mù a máa yíjú wo sáàfù kí ó tó wọ ìrun. Ta l'ó ń wo ìlà búrẹ́dì?

Ọmọ mi ọkùnrin l'ó bà mí l'ẹ́rù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Mo rán an ní búrẹ́dì l'ọ́jọ́ kan, kò pẹ́ tó fi dé. Mo ní, “Ṣé kò sí èrò níbẹ̀ ni?” Ó ní, “Èrò wà, Bàbá mi, abẹ́ apá wọn ni mo gbà.” Ó ń rẹ́rìn-ín! Mo mú un padà lọ pẹ̀lú búrẹ́dì náà, mo ní kó tọrọ gáfárà l'ọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà l'órí ìlà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń gbè é, ó ní ọlọ́gbọ́n ọmọ ni.

Ní ti mọ́tò, ìjọba ti wá ẹni tí yóò máa wò wọ́n. Ní 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní Sáhìr. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé ẹni tí ń ṣe àìsùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ń ya àwòrán ẹni tó bá sá eré àsápajúdé àti ẹni tó bá já iná pupa. Láti March 2018, ó tún ń mú ẹni tí kò de bẹ́líìtì àti ẹni tó di fóònù mú. Àwọn dẹ́rẹ́bà náà gbọ́n: wọ́n mọ ibi tí kámẹ́rà wà, wọn a tẹ bíréèkì níbẹ̀, wọn a sì tún fò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó ju 9,000 ènìyàn lọ tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní Sáúdí Arábíà ní 2016 nìkan. Iye náà ti dín kù gidigidi láti ìgbà náà.

Ìgbà tó ń já mi l'áyà jù ni ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ nínú oṣù Ràmàdánì. Ebi ń pa wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, gbogbo wọn l'ó fẹ́ bá ìṣínu n'ílé. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣe ohun tí kámẹ́rà kò lè ṣe. Wọn a dúró s'ídìí iná oríta, wọn a máa na àpò kékeré gba ojú fèrèsé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, dàbínù àti omi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ní dàbínù l'ọ́wọ́, kí l'ó tún ń lé? Mo ti rí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè l'ẹ́yìn wa bí ẹni pé ilé ń jó. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ gba tirẹ̀, ìpè ìrun dún, iná oríta ní kí a máa lọ, kò fọn fèrè mọ́. Ó ń jẹ dàbínù.