Gẹ̀ẹ́sì Ìdánwò Yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì Ọgbà Yunifásítì

Ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kojú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù ní 40, 40. Síbẹ̀, nínú odindi 60 yìí, kò sí èyí tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ la ẹnu. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń mú ìdáhùn. Kódà, èyí tó jẹ mọ́ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ojú ni wọ́n fi ń wò ó, wọn kì í pè é. Ìdí nìyí tí ọmọ tó gba máàkì tó jọjú fi lè dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, kí ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. Kì í ṣe pé ó ya olódo. Ohun tí wọ́n fi dán an wò kọ́ ni ọgbà yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ọgbà ń béèrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó rẹsẹ̀ walẹ̀, yóò ṣe kílíárańsì, yóò sanwó ilé-ìwé, yóò forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, yóò wá bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Níbi kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ kì í sábà ju gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ti sanwó, tí pọ́tàlì kò sì fi owó náà hàn. Tó bá dé ojú fèrèsé bọ́sárì tó kàn ń wí pé, “Sir, I have problem,” akọ̀wé tí èrò ti kún iwájú rẹ̀ lè ní kó padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ká ní ó wí pé, “Good morning, sir. I paid on Monday, but the portal is not showing it. This is my receipt. What should I do next, please?” Ó ti kí i, ó ti sọ ọjọ́ tó sanwó, ó ti fi ẹ̀rí hàn, ó sì ti béèrè ohun tó kàn. Kò sí gírámà ńlá kankan níbẹ̀. Bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ ni, ìlò ló sì ń kọ́ni ní ìyẹn.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí GST 111 wà fún èyí? Òótọ́ ni pé kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì yìí pọn dandan ní ọdún kìíní. Àmọ́ níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn bá ti jókòó sí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, ta ni yóò kàn láti sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ méjì lè fi irú ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yìí dánra wò nínú yàrá wọn: kí ọ̀kan ṣe akọ̀wé tó ń kanra, kí èkejì ṣe ẹni tó wá fún kílíárańsì, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán kí èkejì tó tún un ṣe.

Ìtìjú ló ń dènà ọ̀pọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ́gbà, kíá ni wọ́n á pariwo “gbàgàùn!” lé e lórí. Àwọn kan wá gbà pé ó sàn kéèyàn dákẹ́. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ náà ń náni lówó: ẹni tí kò béèrè ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí lè san owó ìtanràn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ kì í sì í pẹ́ tán.

Àtakò tó wúwo jù ni pé irú ìdánrawò yìí yóò lé Yorùbá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà pé èdè méjì lè gbé pọ̀ láìpa ara wọn lára. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan inú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé èdè tí a bá fi sí ààyè rẹ̀, tí a sì kọ́ dáadáa, kì í pa èkejì lára. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn yunifásítì ya wákàtí mélòó kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ìkíni-káàbọ̀ àwọn ọmọ tuntun, kí àwọn ọmọ náà fi ẹnu dán ọ̀rọ̀ kílíárańsì àti ìforúkọsílẹ̀ wò kí ìlà tó gùn níwájú ọ́fíìsì.