Nígbà Tí Ọtí Bá Já Ìjánu Ọpọlọ

Baba ilé kan lè ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ ní òwúrọ̀ pé òun kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́. Tọkàntọkàn ni ó fi ń sọ ọ́, omijé sì lè bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó ilé-ìwé ọmọ ti bá ìgò lọ. Ohun tí ará ilé àti ará ìjọ sábà máa ń wí ni pé, "Òpùrọ́ ni. Kò fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀." Ǹjẹ́ irọ́ nìkan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà bí? Ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti rí kí a tó dá ẹjọ́.

Ẹṣin àti ìjánu

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ìpinnu, ó kéré tán, apá méjì nínú ọpọlọ ni ó máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkíní wà ní inú lọ́hùn-ún. Òun ni ó ń sún wa láti wá ohun tí ó dùn mọ́ wa, kẹ́míkà kan tí a ń pè ní dópámìnì ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Èkejì wà lẹ́yìn egungun iwájú orí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé adùn òní àti àdánù ọ̀la sórí òṣùwọ̀n, kí ó sì wí pé, "Dúró ná." Bí èkíní bá jẹ́ ẹṣin, èkejì ni ìjánu.

Ọtí a máa mú kí dópámìnì pọ̀ sí i. Bí ènìyàn bá ń mu ún lámujù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọpọlọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọtí sí ju oúnjẹ àti ẹbí lọ. Ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ ti fi hàn pé bí ọ̀pọ̀ nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kàn rí àwòrán ọtí, apá tí ń wá adùn yóò ta jí. Lọ́wọ́ kan náà, apá iwájú ọpọlọ a máa sún kì. Ẹṣin ti lágbára sí i, ìjánu sì ti fẹ́ já.

Ìdánwò káàdì ní Iowa

Ní ọdún 1994, Antoine Bechara, Antonio Damasio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò kan jáde. Wọ́n gbé ìdì káàdì mẹ́rin ka iwájú ènìyàn. Ìdì méjì ń fúnni ní dọ́là 100 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àdánù ńlá fara pamọ́ sínú wọn. Méjì yòókù ń fúnni ní dọ́là 50 péré, àdánù inú wọn sì kéré. Àwọn ni ó lérè nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń fura láìpẹ́, a sì sá fún ìdì tí ń jẹni lówó. Àwọn tí apá iwájú ọpọlọ wọn ti farapa kò sá. Ní ọdún 2001, Bechara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún ṣe ń yan káàdì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí kò sí lójú wọn nígbà náà.

Kì í ṣe ọtí nìkan ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwàǹwára ti wà lára àwọn kan kí wọ́n tó mọ ọtí. Ọpọlọ ọ̀dọ́ kò sì gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Ìdí nìyí tí ọtí mímu ní kékeré fi léwu jọjọ.

Kí ni ṣíṣe?

A kò sọ èyí láti dá ọ̀mùtí láre. Ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ìbáwí nìkan kò lè tún ìjánu tí ó ti gbó ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí ó lè fa gìrì, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti ń tọ́jú irú wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá a ṣe ìpinnu sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé: kí owó oṣù má ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, kí ó sì yí ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá lẹ́nu ilé ọtí padà.

Lákòótán, ẹ ní sùúrù. Bí ẹni náà bá jáwọ́ nínú ọtí, ọpọlọ rẹ̀ a máa sàn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àti oṣù, bí kò tilẹ̀ padà sípò tán. Nítorí náà, kí baba tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa tó tún ṣe ìlérí mìíràn, ẹ má ṣe dá a dá ìlérí náà; ẹ bá a di ìjánu mú.